Fíìmù Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Fótò Fi Fún Ẹ̀rọ

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin bàbá ìyá mi sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ọ̀fà. Ẹni tó wá síbẹ̀ tí kò ní fótò tí bàbá náà yà fún un nílé kò pọ̀: fótò ìkómọ, fótò nìkáà, fótò ọjọ́ tí wọ́n jáde ilé ìwé. Síbẹ̀, kámẹ́rà kan kò sí níbi ìsìnkú náà. Alhaji Ganíyù, télọ̀ tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, ló sọ ọ́ jáde: "Ẹni tó yẹ kó yà wá ni à ń gbé sílẹ̀ yìí." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Alhaji Sùlèmánà ni orúkọ bàbá ìyá mi, ṣùgbọ́n Bàbá Fótò ni gbogbo ìlú ń pè é. Mi ò fẹ́ ka ìtàn ayé rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í sọ irú ènìyàn tí ènìyàn jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni irú ẹni tó jẹ́, àti ọ̀ràn kan tó wà láàárín òun àti ìyá mi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Wọn kò parí ọ̀ràn náà títí ó fi lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi kún un.

Bàbá fẹ́ràn iyàn jíjà bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn obì. Ó bá Lèmọ́mù jiyàn lórí aago. Ó bá dókítà jiyàn lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀. Ó bá àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ rélùwéè jiyàn lórí ìgbà tí ọkọ̀ máa dé, nígbà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì pinnu. Ní ọjọ́ ọjà Ojoku, ó máa ń gbé kámẹ́rà, àga kan àti aṣọ funfun lọ láti ya pásípọ́ọ̀tù fún àwọn àgbẹ̀. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan. Ó fi ìka kan iṣu kan lára wò, ó ní inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Obìnrin tó ń tà á ní, "Bàbá, iṣu mi ò ṣàìsàn o." Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn Bàbá ra iṣu náà kó lè fi hàn án, ó gba ọ̀bẹ, ó là á sí méjì níwájú gbogbo ọjà. Inú iṣu funfun bí òwú. Àwọn ènìyàn hó yèè. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́: "Ẹ ṣeun o, Bàbá Oníyàn, ẹ tún mú òmíràn!" Bàbá wo iṣu náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní:

"Iṣu yìí ń parọ́."

Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀ràn fótò, eré tán. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní àdúgbò wa ń jà lórí oko bàbá wọn tó wà lọ́nà Ẹ̀rìn-Ilé. Ẹ̀gbọ́n mú Bàbá lọ síbẹ̀ kó ya ààlà oko fún kóòtù. Igi ìṣin kan wà lẹ́bàá ààlà náà, bàbá wọn ló gbìn ín fún àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ní, "Bàbá Fótò, ẹ sún síwájú díẹ̀, kí igi yẹn má baà wọ inú fótò." Bàbá sún sẹ́yìn. Igi náà wọ inú fótò láti gbòǹgbò dé orí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, Bàbá ń ká ẹsẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ lọ. Ó ní:

"Kámẹ́rà mi kì í ṣe lọ́yà."

Akọ̀wé kan wá láti Ilemona, ó fẹ́ kí Bàbá fi pẹ́ńsù pa ewú orí òun rẹ́ nínú pásípọ́ọ̀tù, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n tètè ní kí òun fẹ̀yìn tì. Bàbá fún un ní fótò rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ewú náà. "Ọdún tó wà lórí yín, èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀."

Ìgbà kan wà tí oògùn tó fi ń fọ fíìmù bàjẹ́, ó sì ba fíìmù ìkómọ ìdílé kan jẹ́. Bàbá lọ sílé wọn, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò tọ́ bẹ́ẹ̀, pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ wà láàyè, ó tán. Bàbá kọ̀. Ó ní kí wọ́n padà wọ aṣọ ọjọ́ náà. Nígbà tó fi máa rí fíìmù mìíràn, ọmọ ti ń rákò. Ẹni mẹ́ta ló dì í mọ́ inú aṣọ kó lè jọ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá ọmọ náà sọ fún mi níbi ìsìnkú pé fótò náà ṣì wà lọ́wọ́ òun. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, eyín mẹ́rin ló hù! Bàbá yín sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé àtúnyà ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun tan àwọn ènìyàn jẹ." Mo rántí ohun tí Bàbá fúnra rẹ̀ sọ fún wa lọ́jọ́ tó ti ọ̀dọ̀ wọn dé, nígbà tí Mọ́mì ní ó ti da ara rẹ̀ láàmú jù lórí fíìmù kan:

"Ohun tèmi tó sọnù, mo lè sùn. Ohun oníbàárà tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò lè sùn. Àmánà ni, ohun tí ẹlòmíràn fi sí ìkáwọ́ mi."

Nítorí ìwà yìí ni àwa ará ilé rẹ̀ kò ṣe ní fótò gidi. Fíìmù kan gba fótò mẹ́rìndínlógójì. Tí oníbàárà bá ti lo mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, méjì tó kù ni tiwa. Bàbá á pariwo láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: "Ó ku méjì o! Ta ló wà nílé?" Ẹni tó bá wà nílé á sáré jáde. Fótò tí gbogbo wa jọ wà nínú rẹ̀ kò sí. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan mú ọmọ odó dání, ẹnì kan wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu ẹnì kan.

Ìyàwó rẹ̀, Àjíkẹ́, tí àwa ń pè ní Màmá Àgbà, kì í sáré jáde. Á ní ìkòkò wà lórí iná. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ní nǹkan bí ọdún 1985, Bàbá gbé e jókòó síwájú aṣọ funfun, ó ya pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ojú rẹ̀ le níbẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Fótò kékeré yẹn nìkan ni ìyá mi ní lọ́wọ́ tó fi ojú ìyá rẹ̀ hàn ní ìgbà àgbà.

Àwọn ará Ọ̀fà tí wọ́n jọ lọ fi ẹnu kò pé Bàbá ni kó máa yà wọ́n. Kò yà wọ́n nínú mọ́sáláṣí. Ó yà wọ́n ní Mínà, ní Àráfà, níwájú ilé tí wọ́n wọ̀ sí. Fíìmù mẹ́tàlélógún ló kún, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Bàbá so orúkọ mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó gbogbo wọn sínú àpò aṣọ funfun kan, ó sì ń fi àpò náà ṣe ìrọ̀rí.

Lẹ́yìn Àráfà, oòrùn mú Àjíkẹ́. Ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Alhaja Sífáwù tó bá a gbé yàrá kan náà ló sọ èyí fún mi:

"Ní ọjọ́ kejì àìsàn náà, ó ní kí n lọ pe Bàbá Fótò. Nígbà tó dé, ó ní, 'Bàbá Muíbà, ẹ yà mí.' Bàbá ní kó jẹ́ kí ara rẹ̀ yá ná. Àjíkẹ́ ní, 'Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ó ku méjì, ó ku méjì ni mò ń gbọ́. Lónìí, ẹ fún mi ní odidi.'"

Bàbá jáde, ó ra fíìmù dúdú-àti-funfun kan. Irinwó ni nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, nítorí yàrá náà ṣókùnkùn. Àwọn tó fi ya oníbàárà, ọgọ́rùn-ún ni tiwọn. Bí nọ́ńbà fíìmù bá ṣe ga tó ni ojú rẹ̀ ṣe mú tó nínú òkùnkùn. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin ya gbogbo rẹ̀ tán, mẹ́rìndínlógójì, òun nìkan. Alhaja Sífáwù ní Àjíkẹ́ rẹ́rìn-ín nínú òmíràn, ó ń tún gèlè dì nínú òmíràn. Nínú ọ̀kan, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń kí ará ilé. "Ó ní ti Muíbà nìyẹn. Ó pe orúkọ ìyá yín."

Ọjọ́ karùn-ún ló kú. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń sin àwọn àlejò Ọlọ́run. Kò sí ẹnì kan nínú wa nílé tó lè débi sàréè rẹ̀.

Àwọn tó ń fọ fótò wà níbẹ̀. Alhaji Ganíyù, tó wà nínú ìrìn-àjò náà, ní kí Bàbá gbé fíìmù Àjíkẹ́ lọ fún wọn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

"Àwọn obìnrin tí mi ò mọ̀ ló wẹ̀ ẹ́. Èyí, èmi ni mo máa fọ̀ ọ́."

Ọjọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà ní pápákọ̀ òfurufú tó ń wo inú ẹrù. Ìtànṣán rẹ̀ lè ba fíìmù tí wọn kò tíì fọ̀ jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí i sí oòrùn. Bí Alhaji Ganíyù ṣe rò ó fún mi ni mo kọ yìí. Ẹ̀yìn Bàbá gan-an ló dúró sí.

"Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó wọ ìbọ̀wọ́. Bàbá yín bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọwọ́ yẹ fíìmù òun wò, kó má fi í sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹnì kan nínú wa tó gbọ́ Lárúbáwá ló ń túmọ̀. Ọ̀gá yẹn wo ẹ̀yìn wa, ìlà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo àpò funfun. Ó rí ẹyọ kan tó dá wà nínú àpò jálábíà, tí Bàbá fi ìborùn Àjíkẹ́ wé. Ó ní, 'Kò burú. Ẹyọ kan yìí, màá fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kíá. Àpò yẹn, ẹ̀rọ.' Gbogbo wa ní, 'Alihamudulilai! Bàbá Fótò, ó ti yọ́nú, ẹ gbà bẹ́ẹ̀!' Ó ní, 'Rárá.'"

"Ohùn wo ló fi sọ ọ́, Alhaji?"

"Ohùn jẹ́jẹ́. Mi ò gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn rí. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ọ̀gá náà pé kó yí i padà: kó fi ọwọ́ yẹ àpò wò, kí ẹyọ kan lọ sínú ẹ̀rọ. Ẹnì kan lẹ́yìn pariwo pé, 'Ṣé orí bàbá yìí pé ṣá? Ikú ìyàwó ti dà á láàmú!' Bàbá yín kò wo ẹ̀yìn."

Ọ̀gá náà ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ike fíìmù ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàlélógún, òógùn sì bo gbogbo èrò. Ṣùgbọ́n ó ti fura. Kí ló wà nínú ẹyọ kan yẹn tí bàbá yìí kò fi fẹ́ kí òun fi ọwọ́ kàn án? Ó fi í sínú ẹ̀rọ, ó dá a dúró síbẹ̀, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò ó. Wọ́n dá a padà, wọ́n tún fi í wọlé.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin," ni Alhaji Ganíyù wí. "Bàbá yín ń fi ìka kà á. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún un, ó fi ẹyọ kan yẹn sínú ìborùn padà, ó yẹ inú àpò wò, ó wá yíjú sí mi. Ó ní, 'Ganíyù, ti gbogbo yín pé.'"

Mo wà ní Ọ̀fà lọ́jọ́ tó fọ fíìmù náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ìsinmi ní yunifásítì ni. Mọ́mì gbé àga síwájú dákúrọ́ọ̀mù, yàrá òkùnkùn tí Bàbá ti ń fọ fíìmù, láàárọ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára, bí ẹni tó ń retí àlejò. Bàbá pẹ́ nínú ilé. Nígbà tó jáde, fíìmù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fún wa. Ó ṣú dùdù látòkè délẹ̀.

Mọ́mì ní, "Níbo ni Màmá wà?"

Bàbá fi ìka tọ́ ibì kan láàárín. "Ibí yìí."

"Bàbá, mi ò rí i."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Ibẹ̀ ló wà."

Àwọn mẹ́tàlélógún, tí wọ́n gbé lọ fọ̀ ní Ìbàdàn nítorí aláwọ̀ ni wọ́n, mọ́ kedere. Oníkálukú gbé tirẹ̀ kọ́ ògiri pálọ̀. Ìyá mi kó ara rẹ̀ dìde, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń wo etí gbogbo fótò wọ̀nyẹn, bóyá ìyá rẹ̀ á ti kọjá níbẹ̀. Nílé kan, ó rí apá obìnrin kan tó di kẹ́tùlù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó ń ṣe àlùwàlá. Ó mọ ẹ̀gbà ọwọ́ náà. Òun ló rà á fún Màmá. Onílé ní òun á jẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀ fún un. Mọ́mì ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ó gba ibẹ̀ lọ sílé Bàbá, kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí:

"Ilé mẹ́tàlélógún ni ẹ gbé ojú ènìyàn wọn bọ̀ fún. Apá lẹ gbé bọ̀ fún mi, ilé onílé ló sì wà."

Fún ọdún méjì, ìyá mi kò jẹun, kò mu omi nínú ilé bàbá rẹ̀. Tó bá dé Ọ̀fà, á kúnlẹ̀ síta, á kí i, á sì padà. Bàbá á ní, "Muíbà, wọlé." Á ní, "Mo ti kí yín, Bàbá."

Ẹni tó wá tú u sílẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tó ń ya fótò ní Ìlọrin, níbi tí Mọ́mì ń gbé. Ó sọ fún un pé kó má ro ó sí ìkà. Bóyá Bàbá rò pé ẹyọ kan péré, tó wọlé tó jáde, kò ní fara pa. Kì í ṣe gbogbo àgbà ló mọ agbára ẹ̀rọ yẹn. Àìmọ̀ ni. Mọ́mì gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Ọ̀fà. Lọ́jọ́ náà ó wọlé, ó jókòó. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ ò mọ̀ ni." Bàbá tó ń bá iṣu jiyàn wo ilẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe wí náà ni," ló sọ.

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Ẹtì tí ìyá mi kì í gbé ọbẹ̀ tàbí mọ́ínmọ́ín lọ fún un. Á bá a jẹun, á bá a jiyàn, á fọ aṣọ rẹ̀. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bèèrè pé, "Aláìmọ̀ kò jẹ̀bi." Ó rí bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́jọ. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Iṣẹ́ gbé èmi àti ẹni tó ń ya fótò fún ìwé ìròyìn wa, Táyọ̀, lọ sí òkè òkun. Ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, Táyọ̀ yọ fíìmù méjì sọ́tọ̀, ó bẹ òṣìṣẹ́ pé kó fi ọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Mẹ́jọ tó kù, ó jù wọ́n sẹ́nu ẹ̀rọ láìwẹ̀yìn. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Àwọn onínọ́ńbà ọgọ́rùn-ún nìwọ̀nyẹn, ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe wọ́n ní nǹkan. Èyí tó ń ríran nínú òkùnkùn ni ẹ̀rọ máa ń fọ́ lójú. Ọjọ́ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ."

Ọjọ́ tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá mi àgbà sì ti lé lógójì ọdún nídìí rẹ̀.

Nígbà tí a dé, Ọ̀fà ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo bá a nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń nu lẹ́ǹsì. Mi ò fi ọ̀rọ̀ gun ẹṣin.

"Bàbá, ti Màmá Àgbà tí ẹ fi sínú ẹ̀rọ. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mọ kí ni?"

"Pé tiwa ló máa bàjẹ́. Pé ti àwọn oníbàárà lè wọ ibẹ̀ kó sì yè é."

Ó nu lẹ́ǹsì náà tán kó tó dáhùn. "Pé tiwa máa bàjẹ́, mo mọ̀. Pé tiwọn máa yè é, kò dá mi lójú. Wọ́n ti gba inú irú ẹ̀rọ yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí à ń lọ. Ooru ibẹ̀ náà ti lù wọ́n."

"Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí wọ́n yè é."

"Ó ṣeé ṣe. Tí ẹyọ kan bá wá bàjẹ́ nínú mẹ́tàlélógún ńkọ́, tí ti ìyàwó mi sì mọ́ gaara? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ Ọ̀fà?"

"Ìyàwó yín ni, Bàbá."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò bá dá ọ lójú, tìẹ ni wàá fi dán an wò. O ò ní fi ti ẹlòmíràn dán an wò."

Mo ní kí ló wá dé tó jẹ́ kí Mọ́mì gbà pé kò mọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀.

"Ìyá rẹ ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá. Láti ọdún méjì, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wọlé mi jókòó. Ṣé kí n lé e jáde ni?"

Kò ní kí n má sọ fún un. Kò sì ní kí n sọ ọ́. Èmi ni mo pinnu. Mo rò pé tí Mọ́mì bá mọ̀ pé bàbá rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, pé ó fi ohun tó dùn ún jù lọ dí ewu fún àwọn ẹlòmíràn, á túbọ̀ gbé e gẹ̀gẹ̀. Mo bá a ní ilé ìdáná rẹ̀ ní Ìlọrin, ó ń fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín tó fẹ́ gbé lọ sí Ọ̀fà lọ́jọ́ kejì. Mo rò ó fún un bí Bàbá ṣe rò ó fún mi.

"Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀, Mọ́mì."

Ó pọ́n ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó ní, "Ó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ìyá mi ló fúyẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lọ sí Ọ̀fà. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀. Bó ṣe rí ojú ọmọ rẹ̀, ó ti yé e.

"O ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Jókòó."

"Ìdúró dára, ẹ má ṣèyọnu." Fíláàsì oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ká ní òní ni. Ká ní ọ̀gá yẹn tún dúró síwájú yín, tí fíìmù Màmá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ti mọ gbogbo bí ojú mi ṣe rí láti ìgbà náà. Èwo lẹ máa fún ẹ̀rọ?"

Mò ń gbàdúrà nínú mi pé kí ọkùnrin tí kò parọ́ fún kóòtù, tí kò parọ́ fún ewú akọ̀wé, parọ́ ẹyọ kan yìí. Ó wo ọmọ rẹ̀ tààrà.

"Èyí tí mo fún un náà ni."

Mọ́mì gbé fíláàsì sórí tábìlì. Ó kúnlẹ̀, ó kí i bí ọmọ ṣe ń kí bàbá, ó dìde, ó jáde. Kò tún wọ ilé náà mọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé. Oúnjẹ kò dáwọ́ dúró. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń fi rán aládùúgbò kan tó máa ń wá sí Ọ̀fà. Alhaji Ganíyù máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn tí oúnjẹ bá dé. Ó ní Bàbá kì í bèèrè ohun tó wà nínú fíláàsì. Tó bá ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ta ló gbé e wá?"

Nígbà ọyẹ́, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Mọ́mì. Ó ní òun ń bọ̀. Ìgbà tí a máa dé Ọ̀fà, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dì í ní aṣọ funfun, ìyá mi kò sì rí ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àlejò ti tán, mo sọ fún Mọ́mì pé mo fẹ́ kọ nǹkan nípa bàbá rẹ̀. Ó ń kó àga pọ̀ ní pálọ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Má gbèjà rẹ̀. Má gbèjà èmi náà."

Mo bi í pé kí ni ì bá fẹ́ kí Bàbá sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró tì í.

"Ká ní ó parọ́ fún mi ni," ló wí, "ǹ bá ti jókòó."